Ṣé dandan ni ká rí ojú ara wa ká tó sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Àbúrò mi ọkùnrin ti lo ọdún mẹ́rin ní Kánádà. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, ohùn la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, kò sì sí wàhálà kankan. Ní báyìí, fídíò nìkan ló máa ń pè. Aránṣọ ni mí. Tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ mi tí mi ò gbé e, á bínú. Tí mo bá gbé e tí mo pa kámẹ́rà, á ní kí ni mò ń fi pa mọ́ fún òun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá ń sá fún ojú mi, ẹ ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn. Ṣé ohùn mi ò tó mọ́ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹbí lókè òkun, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

* * *

Ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò yín jàre lórí òwe, ó jẹ̀bi lórí ìwà. Èmi náà ní àbúrò ní Houston, màámi sì ń gbé lọ́dọ̀ mi níbí ní Ìsẹ́yìn, nítorí náà inú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbé wá yìí ni mò ń gbé lójoojúmọ́.

Òwe yẹn kì í ṣe irọ́. Nínú ilé Yorùbá, ojú ti máa ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu tó là. Bí àlejò bá wà ní pálọ̀, tí ìyá sì ṣẹ́jú sí ọmọ, ọmọ á ti mọ̀ pé kóun dìde, tàbí pé kóun má fọwọ́ kan ẹran tí wọ́n gbé síwájú òun. Ohùn orí fóònù ò lè gbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé kan náà ló kọ́ wa pé a kì í já wọ ilé onílé láìkágò. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà á ní "Àgò onílé o," á sì dúró títí wọ́n á fi dá a lóhùn pé "Àgò yà." Láàárín àgò àti àgò yà yẹn ni obìnrin ti máa ń tún ìró ró, tí bàálé ti máa ń na ọwọ́ mú ẹ̀wù, tí wọ́n á ká ẹní tó yẹ kó kúrò nílẹ̀. Ìpè ohùn máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Inú yàrá gan-an ni ìpè fídíò máa ń já sí. Àbúrò yín ń wọlé láìkágò, ó sì tún ń bínú pé òun ò bá yín ní ìmúra.

Ibi témi dúró sí rèé: mo fẹ́ràn fídíò, mi ò sì ní jẹ́ kó kúrò nílé mi, àmọ́ ká máa kágò. Ọ̀rọ̀ kúkurú kan lórí WhatsApp ti tó: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àyè wà? Mo fẹ́ pè yín lórí fídíò." Tẹ́ ẹ bá ní kò sí, kó pè yín lóhùn, kó má sì bi yín léèrè ìdí.

* * *

Mo ti ka èsì yín. Ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú yín ń sọ ni pé ẹni tí kò bá fi nǹkan kan pa mọ́ kò ní sá fún kámẹ́rà. Mi ò gbà rárá.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Oníbàárà kan lè wà lẹ́yìn kọ́tìnì tó ń wọ búláòsì wò. Òmíì lè gbé ọmọ wá, kó máa fún un lọ́mú lórí bẹ́ǹṣì. Ṣé wọ́n ti bi àwọn yẹn bóyá wọ́n fẹ́ kí Kánádà rí àwọn? Ẹni tó bá gbé fídíò níbi iṣẹ́ ti fi gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn, òun nìkan ló sì mọ ẹni tó wà lórí ìlà.

Obìnrin kan láti Abẹ́òkúta kọ pé ọkọ òun ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt, àti pé lálaalẹ́ lòun máa ń ní kó yí kámẹ́rà káàkiri kóun lè rí gbogbo yàrá. Ìyàwó wa, mo gbọ́ ẹ̀dùn inú ọ̀rọ̀ yín, torí ọkọ tó jìnnà kì í jẹ́ kéèyàn sùn dáadáa. Mo sì gbà pé fídíò ti dín irọ́ kan kù láàárín wa. Láyé ohùn nìkan, èèyàn á wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Mushin, á ní òun ti dé Òjóta, pé gosiló ló dá òun dúró. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ fi ń wo ògiri àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ló ṣẹ́ kù fún ọ̀rọ̀? Ìgbà wo lẹ bi í pé ṣé ó ti jẹun? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é á ṣe é kí aago mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ máa ń pè tó lù. Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́nu. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni kámẹ́rà ń ṣe níbẹ̀ yẹn.

* * *

Ẹnì kan bi mí bóyá mo kàn kórìíra fídíò ni. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe wọ ilé wa.

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ pe màámi lórí fídíò, mo gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì gbé e sétí lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Etí ọ̀tún wọn àti yẹtí wúrà kékeré tó wà níbẹ̀ nìkan lọmọ ń rí ní Houston. Ó ń pariwo pé, "Màámi, ẹ gbé e síwájú, ẹ wò mí!" Wọ́n ní, "Mò ń gbọ́ ẹ dáadáa, má pariwo." Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn tí mo dì í mú síwájú wọn. Wọ́n wo ojú fóònù yẹn, wọ́n dákẹ́ lọ títí. Wọ́n wá fi àtàǹpàkò nu ojú rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń nu omi lójú ọmọ. Àtàǹpàkò yẹn tẹ bọ́tìnnì pupa, ìpè sì já.

Ó tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní ká dúró ná. Ó fi fóònù ti ara ògiri, ó fi ẹ̀yìn rìn títí a fi rí i látorí dé ẹsẹ̀, ó sì nà gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ti pé ọdún méje tó ti kí wọn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ní gbogbo ìgbà tó ń pè lóhùn, "Mo dọ̀bálẹ̀ o, màámi" ló máa ń sọ, wọ́n á sì dáhùn, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé orí àga ló jókòó sí. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n rí ẹ̀yìn ọmọ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, Àkànní báyìí, Àkànní bọ̀ọ̀hùn, oríkì ilé bàbá wa látòkè délẹ̀, kò sì dìde títí wọ́n fi ní kó dìde. Mo di fóònù yẹn mú títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Ohun kejì rèé. Màámi kì í sọ pé ara ń dun àwọn. Tẹ́ ẹ bá fohùn pè wọ́n, "Mo wà dáadáa, a dúpẹ́" lẹ máa gbọ́, kódà kó jẹ́ pé orí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n wà. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ ọjà, ọmọ mi gbé fóònù fún wọn, àbúrò mi sì rí i pé wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Ó ní kí ọmọ yí kámẹ́rà síbẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì ti wú, awọ ibẹ̀ ń dán. Ó pè mí lọ́jà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru sókè gan-an, wọ́n sì fún wọn lóògùn tí wọ́n ń lò di òní. Èmi témi pẹ̀lú wọn jọ ń sùn sílé kan náà, mi ò rí i, torí ìró ló máa ń bo ẹsẹ̀ wọn, mo sì máa ń ti jáde láàárọ̀ kùtù. Ẹni tó wà ní Houston ló rí i.

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì rẹ̀, torí òun ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ní ọdún kan, wọ́n dín iṣẹ́ àbúrò mi kù, ó sì rù. Ká ní ohùn ni, ìbá ti bò ó mọ́lẹ̀. Màámi rí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan fún un, ṣùgbọ́n odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru. Mo sọ fún un. Láti ìgbà náà, inú mọ́tò ló ti ń pè wọ́n, níbi tí oòrùn ti ń kọjú sí i, pẹ̀lú ẹ̀wù tó ní kọ́là tó nípọn. Ojú ara rẹ̀ ló ń tún ṣe kí wọ́n tó rí i. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò tíì sọ ọ́ fún màámi. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fídíò ò lè parọ́, ó lè parọ́, ìfẹ́ ló sì máa ń mú un parọ́ nígbà míì.

* * *

Ọ̀dọ́ kan kọ pé àwa àgbàlagbà ni ò fẹ́ yí padà, pé ìran tiwọn ló ni fídíò. Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yìí ju ọjọ́ orí ẹ lọ. Ní 1964, ilé-iṣẹ́ fóònù Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ AT&T gbé fóònù tó ń fi ojú hàn, tí wọ́n pè ní Picturephone, wá síbi ìpàtẹ ńlá àgbáyé ní New York. Ní 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣòwò ní ìlú Pittsburgh, 160 dọ́là lóṣù. Kò tà. Owó rẹ̀ ti ga jù, ẹni tó bá sì gbà á kì í rí ẹni tó máa pè, torí àwọn tó kù ò ní in. Ní 1999 ni Kyocera ṣe VP-210 ní Japan, fóònù alágbèéká tó ní kámẹ́rà níwájú, àwòrán méjì péré ló sì lè gbé lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ ó rí i pé ó pa ẹnu dé, ẹ ó tún rí i pé ó là á, ẹ ò ní rí ẹ̀rín tó wà láàárín. Ní oṣù kẹta 2003, ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ 3 gbé fídíò orí fóònù jáde fún àwọn ará Britain, síbẹ̀ ohùn lèyí tó pọ̀ jù ń lò.

Ní tiwa, oṣù kẹjọ 2001 ni GSM dé. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ bá sì fi ìṣẹ́jú-àáyá kan kọjá ìṣẹ́jú, owó ìṣẹ́jú méjì lẹ ó san, títí Glo fi dé ní 2003 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Fífláàṣì la fi ń ṣe é nígbà náà. Nílé wa, ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí pé mo ti délé, ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí pé kó o pè mí padà. Oṣù kọkànlá 2016 ni WhatsApp tó fi fídíò sí i fún gbogbo èèyàn, ìgbà yẹn ló sì wọ inú ilé wa ní tòótọ́, torí fóònù tó ti wà lọ́wọ́ ìyá, ọmọ àti oníbàárà tẹ́lẹ̀ náà ló ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó tún ní láti ra ẹ̀rọ míì kí ẹnì kejì tó lè rí i.

Àwọn baba wa tiẹ̀ ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ láìríra wọn kí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tó dé. Àrokò ni, nǹkan tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀ ẹnu. Owó ẹyọ mẹ́fà sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, mẹ́jọ sọ pé èmi àtìwọ jọra. Ẹni tó bá gbà á á mú un wọlé, á jókòó tì í, á fèsì nígbà tó bá ti rò ó tán. Àyè tó wà láàárín gbígbà àti fífèsì yẹn ni fídíò gbà lọ́wọ́ wa, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ lórí àgò.

* * *

Ọ̀rọ̀ ajé wá. Aṣọ òkè ni mò ń tà, ọkọ mi sì ń hun ún. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi láti Britain àti Amẹ́ríkà ti pọ̀ ju ará ilé lọ, orí fídíò ni wọ́n sì ń yan aṣọ. Ẹnì kan níbí ní oníbàárà tó bá rí ọjà lórí fídíò ti rí i tán, pé kò ní lè ráhùn mọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti fi owó kọ́gbọ́n lórí ìyẹn.

Obìnrin kan ní Manchester fẹ́ àlàárì fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Alẹ́ la ṣe fídíò, lábẹ́ gílóòbù funfun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Èyí gan-an ni." Nígbà tí aṣọ dé ọwọ́ rẹ̀, ó ní pupa tóun rà kọ́ nìyí, pé èyí ki ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wo aṣọ tó kù lọ́wọ́ mi, mo tún wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, mo rí i pé òun ló jàre. Mo dá apá kan owó rẹ̀ padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kámẹ́rà fóònù máa ń fúnra rẹ̀ ṣe àtúnṣe àwọ̀, ní ìbámu pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó rò pé òun bá níbẹ̀. Tí aṣọ pupa bá gba gbogbo ojú rẹ̀, ó lè rò pé ìmọ́lẹ̀ ló pọ́n, á wá fa pupa yẹn sẹ́yìn. Ẹtù máa ń dà bíi dúdú lásán. Sányán tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú náà lè dà bí eérú.

Ní báyìí, mi ò fi àwọ̀ han ẹnikẹ́ni lálẹ́ mọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀, ní ìta, lábẹ́ ìbòòji, pẹ̀lú bébà funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ kí kámẹ́rà lè mọ ohun tó ń jẹ́ funfun. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dín, àwòrán á ṣú, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ inú aṣọ á sì pòórá, nítorí náà fọ́tò tó dúró sójú kan ni mo fi ń ránṣẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ rí bí òwú ṣe wọnú ara wọn. Fídíò dára fún bí aṣọ ṣe máa rí lára èèyàn: mo máa ń fi ìpèlé kọ́ èjìká ọmọ mi, kó yí padà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó tún ní ohun kan tí mi ò retí. Nígbà ohùn, wọ́n máa ń nájà títí ẹnu á fi gbẹ mí. Mo wá gbé fóònù lọ sídìí òfì, kí wọ́n wo ọkọ mi tó ń ju ọ̀kọ̀, igi tó ń gbé òwú kọjá, láti ọwọ́ kan sí ìkejì, tó ń fẹsẹ̀ tẹ òfì, tí aṣọ ń fi ìka kan gùn sí i díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa wò ó. Owó tí wọ́n ń ní kí n yọ ti dín kù púpọ̀ láti ìgbà náà.

* * *

Lórí dátà, mi ò ní pẹ́. Oṣù kìíní 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, gbogbo wa ló sì ń san án. Nínú WhatsApp, ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Storage and data: ibẹ̀ ni Network usage wà, tó ń fi ohun tí ìpè ń jẹ hàn, àti Use less data for calls, tó ń dín in kù. Lórí fóònù tèmi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fídíò jẹ nǹkan bíi 50 MB, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ohùn ò sì kọjá 5 MB. Ẹ̀gbọ́n mi, tí àbúrò yín bá fẹ́ fídíò lójoojúmọ́, kó máa ra dátà ránṣẹ́ sí yín. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín láti sọ ọ́.

* * *

Gbogbo wa ti ń jà lórí ojú àti ohùn bí ẹni pé gbogbo èèyàn ló ní ohùn láti fi sọ̀rọ̀. Ọmọ kan ń kọ́ṣẹ́ òfì lọ́dọ̀ ọkọ mi, adití ni. Fún un, kí fídíò tó dé, fóònù ò yàtọ̀ sí ìwé: títẹ ọ̀rọ̀ nìkan ló lè fi ṣe, ìwé kíkọ kì í sì í ṣe èdè rẹ̀. Ọwọ́ ni èdè rẹ̀. Ilé-ìwé ló ti kọ́ ọ, irú èyí tí Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ní ìrọ̀lẹ́, á fi fóònù ti àpótí òwú kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo, òun àtàwọn tí wọ́n jọ kàwé á sì máa fọwọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín títí màámi náà á fi máa bá wọn rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, NEPA mú iná lọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ èmi tàbí ẹ̀yin ni, ọ̀rọ̀ á máa bá a lọ nínú òkùnkùn. Tirẹ̀ dúró. Ó sáré wọlé, ó mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, ó fi eyín há a, ó da orí kọ ilẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí ọwọ́ méjèèjì, ó sì parí ohun tó ń sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra iná sọ́là kékeré kan sí ìdí òfì.

Òun pẹ̀lú máa ń kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kó tó pe ẹnikẹ́ni. Àgò ni.

* * *

Ẹni tó ní òun ò lè fowó ránṣẹ́ láìrí ojú ẹni tó ń bèèrè, ẹ ṣọ́ra gidi. Ní 2024, ìròyìn jáde láti Hong Kong pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan jókòó síbi ìpàdé lórí fídíò, ó rí ọ̀gá rẹ̀, ó rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ ohùn wọn, ó sì san owó tó tó mílíọ̀nù 25 dọ́là. Kọ̀ǹpútà ló ṣe gbogbo ojú yẹn. Nílé wa, tẹ́nikẹ́ni bá bèèrè owó lórí fídíò, màámi á bi í pé orúkọ wo ni bàbá rẹ̀ máa ń pè é tí inú bàbá bá dùn. A ò kọ orúkọ yẹn síbì kankan rí.

* * *

Ẹ̀yin méjì ń bára yín jà lórí ìpàdé ẹbí. Ọ̀kan ní kò sóhun tó burú nínú kí ìdílé ọkọ fi fídíò ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, èkejì ní àbùkù ni. Mo wà lẹ́yìn ẹni kejì, àmọ́ kì í ṣe pátápátá. Nígbà tí wọ́n ti Èkó, Ògùn àti Abùjá pa nítorí àrùn kòrónà láti 30 oṣù kẹta 2020, fídíò ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi rí bí wọ́n ṣe sin òbí wọn, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn wí. Bàbá àgbà tó wà ní òkè òkun lè fi fídíò ṣàdúrà fún ìyàwó, àdúrà á sì gbà. Ṣùgbọ́n ẹbí tó wà ní Ṣakí, tí kò rìn dé Ìsẹ́yìn, tó ní fóònù lòun fi máa wá tọrọ ọmọ, ilé mi ò ní gbà á. Omi tẹ́ ẹ bá mu nílé wa, oúnjẹ tẹ́ ẹ jẹ, bí ẹ ṣe bá àwọn ọmọdé ibẹ̀ sọ̀rọ̀, la fi ń mọ̀ yín.

Ìpàdé ẹbí tiwa máa ń pé èèyàn ogún lórí ìlà kan. Ohun tó kọ́kọ́ dà á rú ni pé ẹni tó kéré jù ló mọ bọ́tìnnì, ó wá di pé òun ló ń pinnu ẹni tí wọ́n máa gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún pa ohùn Bàbá Àgbà nítorí pé rédíò ń dún lẹ́yìn wọn. Odidi oṣù kan la fi bẹ̀ wọ́n. Ní báyìí, Bàbá ló ń pe orúkọ, ọmọ ló ń tẹ bọ́tìnnì.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa ti padà wá. Wọ́n ní àwọn sọ ọ̀rọ̀ àgò yẹn fún àbúrò àwọn, kò sì bínú. Ohun tó sọ ni pé láti Mọ́ńdé dé Fráídé, òun nìkan ló wà nínú yàrá òun, pé òun lè lo ọjọ́ márùn-ún láìrí ojú ẹnì kan tó mọ orúkọ ilé òun.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó ń bínú sí nìyẹn. Ohùn yín kọ́. Mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi pé kó máa kágò, àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nǹkan kan fún un. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bí alẹ́ Sunday. Tó bá jẹ́ Toronto ló wà, aago mẹ́jọ alẹ́ níbí jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán níbẹ̀ nígbà ooru wọn, aago méjì nígbà òtútù. Tẹ́ ẹ bá ń ránṣọ lọ́wọ́, ẹ máa rán an lọ. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀. Àbúrò tèmi máa ń ṣe é pẹ̀lú màámi: wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà, òun á máa se oúnjẹ tirẹ̀ ní Houston, wákàtí kan lè kọjá kí ẹnì kan tó sọ pé iyọ̀ ti tán.

Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ gbalaja o, àjà nìkan ló máa rí. Ẹ fi ti àpótí òwú, kó kọjú sí ọwọ́ yín àti abẹ́rẹ́ máṣíìnì, kí iná wà níwájú yín. Tí oníbàárà bá wọlé, ẹ da ojú fóònù dé títí oníbàárà yóò fi lọ.